Alágbàtọ́ Kì Í Ṣe Ọ̀gá Ọmọ Ọ̀dọ̀

Àwọn àgbà ní ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní Ekpan, ó dájú pé kì í ṣe gbogbo wa ni òbí tó bí wa tọ́ dàgbà. Ẹ̀gbọ́n ìyá ló tọ́ ẹlòmíràn, ìyá àgbà ló tọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́ là ń pè ní alágbàtọ́.

Nílé, ẹnu lásán la fi ń ṣe é. Ọmọ àgbàtọ́ kò sì torí ìyẹn pàdánù orúkọ, oríkì tàbí ogún bàbá rẹ̀. Ojú ẹbí ló ń dáàbò bò ó. Bí wọ́n bá febi pa á láàárọ̀, ìyá rẹ̀ á ti gbọ́ lọ́jà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àmọ́ Ekpan jìnnà sílé. Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ ìfọpo ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1978 ni onírúurú ẹ̀yà ti ń wá ṣiṣẹ́, tí àwọn mìíràn sì ń mú ọmọ ìbátan dání. Ojú ìyá tó wà ní Ìkìrun kò lè tó ibí. Báyìí ni ọmọ àgbàtọ́ ṣe ń di ọmọ ọ̀dọ̀: ọmọ onílé wọ aṣọ iléèwé, òun gbé igbá ọjà lérí.

Ìdí nìyí tí òfin fi dá sí i. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní 2003. Ìpínlẹ̀ Delta ṣe tirẹ̀ ní 2008. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọmọ tí wọ́n gbé sọnù, tàbí tí kò lẹ́nì kan, kò gbọdọ̀ kàn gbé e lọ sílé. Yóò lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Wọn yóò wádìí ilé àti ìwà rẹ̀, kóòtù ni yóò sì fàṣẹ sí i. Lẹ́yìn náà, wọn yóò máa bẹ ọmọ náà wò. Èyí yàtọ̀ sí ìsọdọmọ, tó ń sọ ọmọ di ti ẹni tó gbà á pátápátá. Òfin 2015 tó lòdì sí fífi ènìyàn ṣòwò tún ní ẹni tó bá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n.

Láìpẹ́, a ó gbaṣẹ́, ẹbí yóò sì fi ọmọ ránṣẹ́ sí wa. Kí a tó gbà á, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ni yóò san owó iléèwé rẹ̀? Ìgbà wo ni yóò máa lọ kí ìyá rẹ̀? Ta ni yóò fẹjọ́ sùn bí a bá ṣẹ̀ ẹ́? Ẹni tí kò bá ní ìdáhùn, kó má tíì gbọmọ. Igba ojú ló yẹ kó wà lára ọmọ, níbikíbi tó bá wà.