Bí Omi Ẹ̀rọ Ṣe Ń La Páìpù Tó Dí

Irun àti ọ̀rá ọbẹ̀ ló sábà máa ń dí páìpù omi ìdọ̀tí nínú ilé. Àpò rọ́bà kan wà tí a ń so mọ́ ẹnu họ́ọ̀sì láti fi là á. Ẹ ó tì í wọ inú páìpù, ẹ ó sì rọra ṣí ẹ̀rọ omi. Àpò náà á wú títí á fi há mọ́ ara páìpù, kí omi má baà padà sẹ́yìn. Omi á wá máa tú jáde níwájú rẹ̀, á sì ti ìdọ̀tí lọ.

Agbára omi ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Táǹkì tó ga ní mítà 3 kò fúnni ní ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá agbára èyí tó ga ní mítà 10 lọ, nítorí náà àpò lè má wú dáadáa.

Ẹ má lò ó lẹ́yìn tí ẹ bá da kẹ́míkà sínú páìpù. Ó lè ta sí yín lójú. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí omi ẹ̀rọ bá lọ lójijì, họ́ọ̀sì lè fa ìdọ̀tí padà sínú omi tí gbogbo ilé ń mu. Ẹ ti ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí àpò rọ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ kíákíá.