Ṣé Ojú Ìyá Yín Nìyí?

Ní Fìdítì, bí ẹ bá wọ pálọ̀ àwọn àgbà, ẹ ó rí fótò olóògbé lára ògiri. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé fótò páàsìpọ́ọ̀tù tó fi lọ sí Mẹ́kà nìkan ló fi sílẹ̀. Bí àdúà ìrántí bá wá ń bọ̀, àwọn ọmọ a fẹ́ sọ ọ́ di ńlá. Wọn a fi fóònù yà á, wọn a fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́. Kí ó tó dé ara ògiri, ojú ìyá ti di bàìbàì.

Kí ló fà á? Àmì tíntìntín tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì ni àwòrán inú fóònù, bí ìgbà tí a to ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ sórí àtẹ. Bí ẹ bá sọ èyí tí píksẹ́lì rẹ̀ kò pọ̀ di ńlá, wọn kò pọ̀ sí i o. Fífẹ̀ ni wọ́n ń fẹ̀. WhatsApp a sì tún máa dín wọn kù kí àwòrán lè tètè rìn, àfi bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document.

Áàpù wà nísinsìnyí tí ń ṣèlérí pé òun yóò tún un ṣe. Lóòótọ́, iṣẹ́ rẹ̀ a máa dán. Ṣùgbọ́n ẹ fura! Ẹ̀rọ kò rí ìyá yín rí; láti inú ọ̀pọ̀ ojú tí wọ́n ti fi hàn án ló ti ń méfò. Ní oṣù June 2020, wọ́n fi àwòrán bàìbàì Barack Obama, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, sínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kan, PULSE, tí àwọn ti Yunifásítì Duke ṣe. Ojú òyìnbó ló gbé jáde! Àwọn tó ṣe é pàápàá sọ pé ojú àfinúrò ni, kì í ṣe ohun tí a fi ń dá ènìyàn mọ̀. Irú ẹ̀rọ yìí lè ka àbàjà sí ìdọ̀tí, kí ó sì nù ún kúrò.

Ẹ kúkú gbé fótò náà gan-an lọ sọ́dọ̀ oníkọ̀ǹpútà tó ní skánà. Bí fótò ínṣì 2 bá ṣe kedere, tí skánà sì kà á ní àmì 1,200 fún ínṣì kan, 2,400 ni yóò ní níbùú, èyí tó tó láti tẹ̀ ẹ́ ní ínṣì 8. Bí ó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má ṣe fà á ya; kí wọ́n kà á láti orí gíláàsì bẹ́ẹ̀.

Bí ọmọ bá ṣì fẹ́ fi áàpù tún un ṣe, kí ó tọ́jú ti àkọ́kọ́, kí ó sì fi méjèèjì han àgbà kan tó mọ olóògbé náà dáadáa, kí wọ́n tó gbé e kọ́.