Èdè Ilé ni Ìmúra Àkọ́kọ́ fún Ilé-Ìwé

Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Ọwọ́ ni àwọn tíṣà fi ń mọ̀ bóyá ọmọ ti tó ilé-ìwé lọ: kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ó yá, wọlé. Bí kò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà sábà máa ń tó etí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè sọ fún wa bóyá ọmọ náà lè gbọ́ ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bóyá ó lè jẹ́ iṣẹ́ méjì tí a rán an lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí bóyá ó lè sọ ibi tó ń dùn ún. Èdè ló ń fi ìyẹn hàn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ dáhùn ìbéèrè kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tí àwọn náà ti di òbí, máa ń bi mí: "Prof, ọmọ wa máa bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé lọ́dún yìí. Ṣé ká dá Yorùbá sísọ dúró nílé, kí Gẹ̀ẹ́sì lè tètè yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu?"

Rárá o. Ẹ má dá a dúró. Àsìkò yìí gan-an ló yẹ kí ẹ máa sọ ọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

Ẹ tẹ́tí sí ilé tí òbí ti ń fi tipátipá sọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni "Come", "Sit down", "Don't touch it", "Eat your food". Àṣẹ ni gbogbo rẹ̀. Òbí tó mọ àlọ́ ìjàpá bíi mẹ́wàá, tó sì lè fi Yorùbá ṣàlàyé ìdí tí àgbàdo fi ń hù, á wá dákẹ́, nítorí pé kò mọ bí òun ṣe máa fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. Ọmọ náà pàdánù lọ́nà méjì: kò gbọ́ Yorùbá tó kún, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó kún. Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló gbé lọ sí ilé-ìwé. Àṣẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún ló gbé lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àbá lásán. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ apá kan àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Ìṣirò àti Sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Wọ́n wá ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Apá kejì lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n tó bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n wo èsì, àwọn tó lo Yorùbá jálẹ̀ kò rẹ̀yìn nínú ohunkóhun. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n ṣe ìwé tuntun fún wọn, wọ́n sì wá olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń ba àwọn òbí, pé Yorùbá á dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà, kò rí ẹsẹ̀ fìdí múlẹ̀ níbẹ̀.

Láti 1977 ni Ìlànà Ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ti fi àyè sílẹ̀ fún èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi kọ́ni fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. A lè jiyàn lórí ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn. Ohun tó kàn wá báyìí ni pé iṣẹ́ tí ilé-ìwé bá gbé sílẹ̀, ọrùn ilé ló bọ́ sí. Kí wá ni ẹ lè ṣe?

Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí etí ọmọ mọ ìró. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún sílébù kọ̀ọ̀kan: bà-tà, ẹ̀ẹ̀mejì, a-bẹ́-rẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta, ò-ro-ǹ-bó, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọmọ tó bá ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣeé gé sí wẹ́wẹ́ ti mú ìdí ìwé kíkà dání, èdè yòówù kó fi kà á. Ẹ fi ohùn náà ṣeré: èwo la fi ń roko, ọkọ́ ni àbí ọkọ̀? Èwo la wọ̀ lọ sọ́jà?

Èkejì, ẹ rán an níṣẹ́ tó gùn díẹ̀. "Mú abọ́ tó wà lábẹ́ tábìlì, gbé e sórí àga, kí o wá pè mí." Lábẹ́, lórí, lẹ́yìn, láàárín, kó tó: irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni tíṣà máa ń lò láti àárọ̀ dé ọ̀sán.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ́ ọ ní òǹkà Yorùbá. Mọ́kànlá jẹ́ ọ̀kan lé mẹ́wàá. Mẹ́rìnlá jẹ́ mẹ́rin lé mẹ́wàá. Tó bá di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀nà yí padà: márùn-ún ló dín nínú ogún. Mọ́kàndínlógún, ọ̀kan ló dín. Ẹ kó ogún ẹ̀pà sílẹ̀, ẹ mú ọ̀kan kúrò, kí ẹ ní kó kà á. Àròpọ̀ àti àyọkúrò ló ń fi ọwọ́ kàn yẹn, kí tíṣà tó kọ àmì wọn sójú pátákó.

Ẹ̀kẹrin, àlọ́. Ẹ pa á fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí òun náà pa á padà lọ́jọ́ kejì. Ta ló ṣe é? Níbo? Kí ló fà á? Báwo ló ṣe parí? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London tàbí Houston, ẹ gbé fóònù fún ìyá àgbà. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, kì í ṣe fàájì lásán.

Ìkarùn-ún, ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ tó máa fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Kó mọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ òbí rẹ̀ délẹ̀. Kó lè sọ pé òun fẹ́ tọ̀, òùngbẹ ń gbẹ òun, ẹnì kan lu òun. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ẹ kọ́ ọ ní ìwọ̀nba gbólóhùn wọ̀nyí ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ lé Yorùbá jáde nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tíṣà dẹ́rù bà á. Ọmọ tí wọ́n ti ń sọ fún látàárọ̀ pé "màá fẹjọ́ ẹ sun tíṣà" kò ní lè la ẹnu bá tíṣà sọ̀rọ̀ nígbà tí inú bá ń run ún.

Bàtà, báàgì àti fúlásíkì omi dára, ẹ rà wọ́n. Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ogún ìṣẹ́jú lálẹ́, kí a pa tẹlifíṣọ̀n, kí a gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí òbí àti ọmọ jọ máa sọ̀rọ̀ ní èdè tó dá òbí lójú jù: ẹnikẹ́ni nínú wa lè ṣe é, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.