Ìmọ́lẹ̀ Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀rí: Lẹ́ńtífáírọ́ọ̀sì Alárù àti Jíìnì Ajẹ́rìí Nínú Iṣẹ́ Ìwádìí

1. Ìfáárà

Ọ̀kan nínú ohun tí ó ń jẹ àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá oníyè lógún ni bí wọn yóò ṣe mú jíìnì tuntun wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì kì í ṣí ilẹ̀kùn fún DNA àjèjì, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì mọ ọ̀nà àtiwọlé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe sọ fáírọ́ọ̀sì di alárù. Bí ẹrù tí ó gbé bá jẹ́ èyí tí ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tàn, jíìnì ajẹ́rìí ni wọ́n ń pè é. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí alárù náà ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ibi tí ẹ̀rí ìmọ́lẹ̀ náà mọ.

2. Ìdí tí wọ́n fi yan lẹ́ńtífáírọ́ọ̀sì

Ní 1970, Howard Temin àti David Baltimore, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kéde ẹ́ńsáìmù tí ń sọ RNA di DNA. Fáírọ́ọ̀sì tí ó ní ẹ́ńsáìmù yìí a máa so jíìnì tirẹ̀ mọ́ DNA sẹ́ẹ̀lì, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọmọ yóò sì jogún rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ lò ni fáírọ́ọ̀sì tí ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lára eku. Àléébù rẹ̀ ni pé inú sẹ́ẹ̀lì tí ń pín nìkan ni ó ti lè ṣiṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí ó ti gbó kì í sì í pín. Lẹ́ńtífáírọ́ọ̀sì, ẹbí tí HIV wà nínú rẹ̀, kì í dúró de ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì yóò pín. Ní 1996, Luigi Naldini, Inder Verma, Didier Trono àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé alárù tí wọ́n ṣe láti ara HIV lè gbé jíìnì wọ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ eku tí ó ti dàgbà.

3. Bí wọ́n ṣe ń pèsè alárù

Ìlànà tí ó wà nídìí iṣẹ́ yìí ni pé kí wọ́n ya agbára ìwọlé kúrò lára agbára ìbísí. Jíìnì 9 ni HIV ní. Nínú ètò tí wọ́n gbé jáde ní 1998, 3 péré ni wọ́n mú: gag, pol àti rev. Wọ́n pín iṣẹ́ sórí pílásímíìdì 4, èyí tí í ṣe DNA róbótó kékeré. Ọ̀kan gbé gag àti pol. Èkejì gbé rev. Ẹ̀kẹta ń ṣe awọ ìta, tí ó sábà máa ń jẹ́ ti fáírọ́ọ̀sì kan tí ń dá egbò sí ẹnu màlúù àti ẹṣin. Ẹ̀kẹrin ni ó gbé ẹrù, òun nìkan ni ó sì ní àmì tí ń jẹ́ kí wọ́n dì í sínú awọ náà. Nítorí náà, alárù lè wọlé lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kò lè bí irú ara rẹ̀.

4. Jíìnì ajẹ́rìí

Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni GFP, pírótéènì aláwọ̀ ewé tí Osamu Shimomura ṣàwárí ní 1962 lára ẹ̀dá òkun tí ń jẹ́ Aequorea victoria. Ní 1994, Martin Chalfie fi hàn pé jíìnì rẹ̀ lè tàn lára ẹ̀dá mìíràn. Òmíràn ni ẹ́ńsáìmù tí ń mú kí tànnátànná máa tàn lóru. Bí apàṣẹ tí wọ́n fi síwájú jíìnì bá jẹ́ èyí tí kì í sinmi, ìbéèrè tí ìmọ́lẹ̀ ń dáhùn ni pé: ṣé ẹrù dé? Bí ó bá jẹ́ apàṣẹ jíìnì kan pàtó, ìbéèrè yí padà: ṣé sẹ́ẹ̀lì yìí ń lo àṣẹ náà?

5. Ààlà ẹ̀rí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Èkíní, GFP tí ó ti wà nínú omi tí wọ́n fi pèsè alárù lè lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì, kí ó sì tàn fún ọjọ́ díẹ̀ láìsí pé jíìnì kankan wọlé. Láti mọ èyí, olùwádìí a fi oògùn dá ẹ́ńsáìmù tí ń sọ RNA di DNA dúró nínú abọ́ kan. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wà síbẹ̀, ẹ̀rí èké ni. Èkejì, sẹ́ẹ̀lì lè pa jíìnì lẹ́nu mọ́. Òkùnkùn kò túmọ̀ sí pé ẹrù kò sí. Ẹ̀kẹta, ìmọ́lẹ̀ kì í sọ ibi tí ẹrù balẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré: nínú ìtọ́jú tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1999 fún àwọn ọmọdé tí ara wọn kò lè gbógun ti àrùn, alárù ti fáírọ́ọ̀sì eku ni wọ́n lò. Nígbà tí ó yá, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mú díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà, nítorí pé ẹrù balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ jíìnì LMO2, ó sì ta á jí.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ó hàn gbangba pé ìyapa iṣẹ́ ni ó sọ fáírọ́ọ̀sì aṣekúpani di irinṣẹ́ tí ó ṣe é fọkàn tán. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kì í jẹ́rìí kọjá ohun tí ó rí. Ìmọ́lẹ̀ ń sọ pé jíìnì ń ṣiṣẹ́. Kíka DNA sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ibi tí ó wà. Olùwádìí tí ó bá so méjèèjì pọ̀ ni ó ní ẹ̀rí tí ó pé.