Ṣé Photoshop ti sọ àwọn onífọ́tò di ọ̀lẹ ni? Àwọn àgbà ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ọ̀dọ́ ní irọ́ ni

Níbi tí àgbà onífọ́tò kan àti ọ̀dọ́ onífọ́tò kan bá ti pàdé lóde ìnáwó lásìkò yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán nílẹ̀ láàrin wọn. Àgbà á ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọṣẹ́ mọ́, pé wọ́n kàn ń tẹ kámẹ́rà ṣáá ni, tí wọ́n bá délé, kọ̀ǹpútà á bá wọn tún gbogbo ohun tí wọ́n bàjẹ́ ṣe. Ọ̀dọ́ náà á ní ìlara ló ń da bàbá láàmú, pé ayé ti kúrò níbi tí wọ́n fi í sí. Kò sẹ́ni tó ń parọ́ pátápátá nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ìjà àgbà àti ọmọdé lọ, nítorí owó oníbàárà wà nínú ẹ̀, ojú èèyàn náà sì wà nínú ẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Láyé fíìmù, fọ́tò 36 ló wà nínú róòlù kan. Àwọn kámẹ́rà bíi Rolleiflex tí wọ́n máa ń tẹrí ba wò láti òkè, 12 péré ni tiwọn. Owó ni fíìmù, owó ni bébà, owó ni kẹ́míkà. Kò sì síbi tí onífọ́tò ti máa yẹ iṣẹ́ wò lójú ẹsẹ̀, ó di inú yàrá òkùnkùn kó tó mọ̀ bóyá òun ti ṣe é tàbí òun ti bà á jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọmọṣẹ́ fi ń pẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kó tó gba fìríìdọ́ọ̀mù. Wọ́n ní láti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wo oòrùn, bí wọ́n ṣe ń gbé iná, àti ìgbà tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo iṣẹ́ J.D. 'Okhai Ojeikere, àgbà onífọ́tò tó kú lọ́dún 2014. Láti ọdún 1968 ló ti ń ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà, dúdú àti funfun, títí tó fi kó fọ́tò irun bíi 1,000 jọ. Kò sí Photoshop nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn àgbà kì í fẹ́ẹ́ sọ. Àtúnṣe fọ́tò ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń pa ààmì ojú rẹ́ lára négátíìfù. Nílẹ̀ Yorùbá gan-an, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò, èyí tó wà láàyè ni wọ́n máa yà, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sójú bébà kan, á dà bíi pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Tó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni ìbejì ọ̀hún, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á tún un yà. Stephen Sprague, òyìnbó Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí iṣẹ́ fọ́tò nílẹ̀ Yorùbá, ròyìn èyí lọ́dún 1978. Onífọ́tò tí ò bá mọ iná gbé, ibi tí fọ́tò méjèèjì ti pàdé máa tú u fó.

Photoshop fúnra ẹ̀, ọmọ yàrá òkùnkùn ni. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Thomas àti John Knoll ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1987, Adobe gbé e jáde lọ́dún 1990. Àwọn irinṣẹ́ inú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní dodge àti burn, orúkọ iṣẹ́ tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe lábẹ́ iná ni: kí wọ́n fọwọ́ bo ibì kan kó má baà dúdú jù, tàbí kí wọ́n jẹ́ kí iná pẹ́ lórí ibòmíì kó lè dúdú sí i.

Ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń jáwọ́ ló yẹ kí oníbàárà mọ̀. Tí ìyàwó bá wọ léèsì funfun sínú oòrùn ọ̀sán, tí onífọ́tò sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, gbogbo ọnà ara léèsì yẹn á fò lọ, á kàn funfun báláú ni. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí kọ̀ǹpútà máa rí tún ṣe. Ibi tó ṣókùnkùn ṣì ṣeé fà jáde díẹ̀, èyí tó ti funfun jù ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ Photoshop dáadáa fi máa ń dín ìmọ́lẹ̀ kù láti inú kámẹ́rà, kó lè dáàbò bo léèsì. Ẹ ò rí i pé ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe gan-an ló ń mọ̀ ọ́n yà.

Ọ̀lẹ ń sanwó ọ̀lẹ náà. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú 5 tún fọ́tò kọ̀ọ̀kan ṣe, tó ní fọ́tò 300, wákàtí 25 ló máa jókòó lò, lórí epo jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó gbé iná ẹ̀ dáadáa lóde ti sùn nígbà yẹn.

Lóòótọ́, láti ọdún 2023 ni Photoshop ti lè fúnra ẹ̀ ya ohun tí ò sí nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n léèsì tó máa yà síbẹ̀ kì í ṣe léèsì tí ìyàwó wọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú: wọ́n á pa ilà Màmá rẹ́, wọ́n á sọ wọ́n di pupa, tí Màmá bá ti wá lọ tán, fọ́tò ẹlòmíì ni àwọn ọmọ á gbé kọ́ ara ògiri. Nínú iṣẹ́ ìròyìn, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2006, onífọ́tò kan fi Photoshop sọ èéfín di púpọ̀ nínú fọ́tò ogun Beirut. Reuters lé e, wọ́n sì kó gbogbo fọ́tò 920 tó ti yà fún wọn kúrò nílẹ̀.

Iyọ̀ ni Photoshop. Ó ń mú ọbẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò lè tún ọbẹ̀ tó ti jóná sè. Ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ ìnáwó fún onífọ́tò, kó ní kó fi èyí tó wà nínú kámẹ́rà hàn òun, kí ọwọ́ kọ̀ǹpútà tó kàn án. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ọ̀gá.