Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ tó bá ọlọ́gbọ́n lójijì: ìtàn Eli Zeira

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àmọ́ lọ́dún 1973, Ísírẹ́lì gbọ́ tẹ́lẹ̀ pé ogun ń bọ̀, ogun náà ṣì bá wọn lójijì. Ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ rù jù ni Ọ̀gágun Eli Zeira. Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ta ni Zeira?

Ìlú Haifa ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1928. Ó ti ṣojú àwọn ológun Ísírẹ́lì ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó fi í ṣe olórí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun, ìyẹn Aman, lọ́dún 1972. Lóṣù Karùn-ún ọdún 1973, ariwo ta pé Íjíbítì fẹ́ jagun. Olórí àwọn ọmọ ogun, David Elazar, múra sílẹ̀, owó ńlá sì bá a lọ. Zeira ní kò sí ogun kankan. Lóòótọ́, ogun ò wá. Bí iyì rẹ̀ ṣe ga sí i nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbàgbọ́ tó di wọ́n lójú

Ohun tí Aman gbà ni pé Íjíbítì ò ní jagun tí ò bá tíì ní ọkọ̀ òfurufú ajubọ́ǹbù àti mísáìlì tó lè dé ọ̀nà jíjìn, àti pé Síríà ò ní dá jà. Gbogbo ìròyìn tó bá wọlé, ojú yẹn ni wọ́n fi ń wò ó.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án, Ọba Hussein ti Jọ́dáánì yọ́ wá bá Golda Meir, olórí ìjọba Ísírẹ́lì, ó ní Síríà ti múra tán. Íjíbítì ń kó ọmọ ogun jọ sétí odò Suez. Aman ní ìdánrawò lásán ni. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, ìjọba Sófíẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìyàwó àtọmọ àwọn èèyàn wọn kúrò ní Íjíbítì àti Síríà. Lọ́jọ́ kejì, Zeira ṣì ń sọ pé ogun ò dájú.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni Ashraf Marwan, ọkọ ọmọ Nasser tó ti fìgbà kan jẹ́ ààrẹ Íjíbítì, sọ fún ọ̀gá Mossad ní London pé ọ̀la ni. Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ 6, lọ́jọ́ ààwẹ̀ Yom Kippur, ìbọn dún. Ó lé ní 2,600 ọmọ ogun Ísírẹ́lì tó kú. Àwọn tó kú lọ́dọ̀ Íjíbítì àti Síríà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ìgbìmọ̀ Agranat ní kí wọ́n yọ Zeira lọ́dún 1974. Elazar náà lọ, Golda Meir kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Ṣé wọ́n kọ́gbọ́n?

Wọ́n gbìyànjú. Aman dá ẹ̀ka kékeré kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa jiyàn lọ: tí gbogbo ilé bá ní funfun ni, kí àwọn ní ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá dúdú ni.

Ẹ̀ka yẹn ṣì wà ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, àádọ́ta ọdún ó lé ọjọ́ kan, nígbà tí Hamas ya wọlé, tí nǹkan bí 1,200 èèyàn kú. Ètò ìkọlù náà ti wà lọ́wọ́ Aman ṣáájú o. Wọ́n kàn gbà pé Hamas ò lè ṣe é ni. Aharon Haliva, olórí Aman, kọ̀wé fipò sílẹ̀ lóṣù Kẹrin ọdún 2024.

Ṣé ẹ rí i, etí wọn ò di nígbà méjèèjì. Wọ́n gbọ́. Ẹni tó ti dá a lójú pé òun mọ̀ kì í gbọ́ràn mọ́, kódà kó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbọ́.