Ṣé Ẹ Mọ̀ Pé Fọ́tò Igi Lẹ Ń Tẹ̀ Mọ́lẹ̀?

Ṣé ẹ mọ̀ pé igi tí ojú ń rí lára lámínéètì, pákó tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ yàrá, kì í ṣe igi? Fọ́tò ni. Wọ́n ya àwòrán igi gidi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, wọ́n wá fi melamine bò ó lójú, èròjà kan náà tí wọ́n fi ń ṣe àwo tí kì í fọ́ bó bá já bọ́. Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé pákó kan, kí ẹ yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí ojú ìmọ́lẹ̀. Ẹ ó rí i pé ojú tó jọ igi yẹn kò nípọn ju èékánná lọ. Ohun tó pọ̀ jù nínú ìyókù ni HDF: fọ́nrán igi tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ nínú ooru títí tó fi le gbagidi.

Ṣé ẹ mọ̀ pé Sweden ni lámínéètì ti wá? Ilé iṣẹ́ Perstorp ló ṣe é ní 1977. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ra nígbà náà. Nǹkan bí ọdún 1996 sí 1997 ni àwọn ará Sweden àti Belgium tó gbé irú èyí tí ẹnu rẹ̀ ń há sínú ara wọn jáde, èyí tí gbogbo wa mọ̀ lónìí.

Ṣé ẹ mọ̀ pé pákó tó nípọn jù kọ́ ló ń pẹ́ jù? Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá dé ọjà, àwọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè, lẹ́yìn náà mìlímítà. Nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ wá lára páálí ni ti AC, tó ń sọ bí ojú pákó ṣe lè fara da híha tó. AC1 ló kéré jù. AC5 àti AC6 ló le jù. Bí wọ́n ṣe ń dán an wò ni pé wọ́n á gbé pákó sórí ẹ̀rọ tó ń yí, táyà kékeré méjì tí wọ́n wé ní sánpépà á máa ha á lójú, wọ́n á sì máa ka iye ìgbà tó yí kí fọ́tò náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í họ. Yàrá tí ẹsẹ̀ kì í pọ̀, AC2 tó o. AC3 tó fún ọ̀pọ̀ yàrá inú ilé. Pálọ̀ tí ọmọ ń sáré, tí àlejò ń wọ̀, tí ó ń jáde, AC4 ni kí ẹ rà síbẹ̀. Pákó mìlímítà 8 tó jẹ́ AC4 yóò fara da híha ju ti mìlímítà 12 tó jẹ́ AC3 lọ. Ìwúlò nínípọn ni pé ariwo ẹsẹ̀ á dínkù, pákó á sì dúró dáadáa lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú tán.

Ohun tó ń fún ojú yẹn lágbára ni aluminium oxide. Òun ló wà lára sánpépà, òun náà sì ni òkúta rúbì!

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ọ̀rọ̀ omi díẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wọmi. Ṣé ẹ mọ̀ pé HDF ń mu omi? Tó bá ti mu ún látẹnu, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á wú, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́ bó tilẹ̀ gbẹ. Igi gidi, kápẹ́ńtà lè fi sánpépà yún un kó tún dán. Ti lámínéètì kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ bá ti yún un, fọ́tò ti lọ nìyẹn. Kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi òmíràn sí i, ló kù.

Omi kì í sì í ti òkè nìkan wá. Sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ ilé wa, pàápàá ti ìsàlẹ̀, ọ̀rinrin sì máa ń gba inú rẹ̀ gòkè láti inú erùpẹ̀. Ẹ lè dán an wò fúnra yín. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, kó tó ìdajì mítà níbùú àti lóròó, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ fi téèpù di etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pinpin. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó ṣí i. Bí ìrì bá sẹ̀ sínú ọ̀rá náà, tàbí tí ojú sìmẹ́ńtì abẹ́ rẹ̀ dúdú ju ti ìta lọ, ilẹ̀ yẹn kò tíì gbẹ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ́ nǹkan kan sórí rẹ̀. Kódà bó gbẹ, ẹ tẹ́ ọ̀rá tó nípọn tó mìlímítà 0.2 kalẹ̀ ná, kí etí rẹ̀ gun ara wọn, kí ẹ tó tẹ́ fóòmù abẹ́ pákó lé e. Àwọn oníṣẹ́ kan máa ń fo ọ̀rá yìí kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ dúró tì wọ́n.

Ṣé ẹ mọ̀ pé lámínéètì ń rìn? Ní àkókò òjò á fẹ̀, tí ọyẹ́ bá dé á súnkì. Ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ fi ń fi àlàfo mìlímítà 8 sí 10 sílẹ̀ yí gbogbo ògiri àti òpó ká, tí yóò fi skátìn bò ó. Ara ògiri ni kó kan skátìn mọ́, kì í ṣe ara pákó. Bí kò bá sí àlàfo, àárín pálọ̀ á gbé ẹ̀yìn sókè. Ìdí kan náà ló fi yẹ kí páálí sùn nínú yàrá náà fún wákàtí 48, láìṣí i, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣáájú. Ẹ má gbé e gun lámínéètì.

Èyí wù mí láti sọ. Ọ̀nà títẹ́ kan wà tó jọ egungun ẹja, tí pákó máa ń dojú kọ ara wọn ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní ọ̀làjú Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn awalẹ̀pìtàn bá irú ọnà yìí ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn baba ńlá wa ti to àpáàdì ní ìdúró sórí ilẹ̀ àgbàlá ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn? Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni Lúwòó, tó jẹ́ obìnrin, ló pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe é.

Ṣé ẹ mọ̀ pé yanrìn abẹ́ bàtà ló ń ha lámínéètì jù? Ẹ fi ohun ìnusẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ lẹ aṣọ rírọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àga. Ẹ gbé tábìlì, ẹ má wọ́ ọ. Garawa omi kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀: àkísà tí ẹ fún dáadáa, tí kò kán mọ́, ti tó. Omi bá dà sílẹ̀, ẹ nù ún lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo abẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù àti abẹ́ ìkòkò òdòdó lóòrèkóòrè. Kò sí Jik, kò sí kẹrosíìnì, kò sí ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi gbígbóná nulẹ̀.

Ikán ń jẹ lámínéètì, torí igi ni inú rẹ̀. Ilé ìwẹ̀ kì í ṣe ibi tirẹ̀. Bí àgbàrá bá ń wọ ilé yín, mo bẹ̀ yín, ẹ lo táìsì, tàbí SPC, èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun òkúta àti ike ṣe, tí omi kì í wọ̀.

Èyí tó kẹ́yìn kan ìlera. Gọ́ọ̀mù inú HDF lè máa tú gáàsì tí wọ́n ń pè ní formaldehyde jáde, ó sì ń ta ojú àti imú. Ní oṣù Kẹta 2015, ètò 60 Minutes lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà sọ pé àwọn lámínéètì kan tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà ń tú u jáde ju ohun tí òfin California gbà láàyè lọ. Lára páálí tó dáa, ẹ ó rí àmì E1 tàbí CARB, tó fi hàn pé gáàsì yìí kò pọ̀ jù. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ẹ tán, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ fi ìdá mẹ́wàá kún iye tí yàrá gbà nítorí gígé, kí ẹ sì fi páálí kan pamọ́, torí ilé iṣẹ́ lè má ṣe àwọ̀ yẹn mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Bí òǹtajà kò bá sì lè fi nọ́ńbà AC àti àmì E1 tàbí CARB hàn yín lára páálí, ẹ máa bá tiyín lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.